Mo Hú Ààrò Alààyè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ dúró sí oríta bí ẹni tó ń wo kàmíọ̀n ní Anié, tí kò mọ èyí tí yóò wọ̀, èmi ti wọ tèmi. Mo ti dé ibi tó ń lọ, mo sì ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú ọ̀nà, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé.

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi ṣe kò ní orúkọ ní èdè wa. Nínú ìwé, wọ́n ní mo jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ń kọ́ ará ìlú àti àwọn aláṣẹ nípa iná: iná igi, iná èédú, iná oòrùn, bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń fi ṣòfò. Ní ìgbèríko Atakpamé, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ mí sí: Mẹ́tírì Àdògán. Mẹ́tírì ni a ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Àdògán, ààrò tí a fi amọ̀ mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Yunifásítì ń wá ẹni tó gbọ́ Ifẹ̀, èdè tiwa ní Atakpamé, tó gbọ́ Èwè, tó gbọ́ Faransé, tó lè gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, tí èéfín kò sì lè lé kúrò nílé. Fádà ìjọ wa dárúkọ mi. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó yangàn. Ó parí.

Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ. Mùsíè Agbéko, bí ẹni ní Ọ̀gbẹ́ni Agbéko, ni à ń pè é, ọmọ Èwè láti etí òkun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọ ilé ìdáná, tí yóò sì tún wọ̀ ọ́ jáde ní funfun. Títí di òní olónìí, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ́fíìsì ni yóò mú mi lọ. Kamina ló mú mi lọ, sí àárín irin tó ti dípẹtà àti ìpìlẹ̀ tí koríko ti bò. Ewúrẹ́ ń sùn níbi tí àwọn Jámánì gbé ẹ̀rọ tẹligíráàfù wọn sí nígbà kan rí.

Ó ní, "Ta ló wó ibí yìí?"

Mo ní, "Ogun ni, Mùsíè."

"Irọ́ ni. Àwọn tó kọ́ ọ náà ló fọwọ́ ara wọn wó o, kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ta ni wọ́n bi léèrè nínú àwọn bàbá yín?"

"Wọn ò bi ẹnì kankan."

"Nígbà tí wọ́n ń wó o ńkọ́?"

Mo yíjú sí ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa òkúta kan yọ nínú ìpìlẹ̀ náà. Ó tó orí ọmọdé, sìmẹ́ńtì sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wúwo débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀.

"Láràárọ̀," ó ní, "kó o tó wọn igi ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ wọn òkúta yìí. Ìwúwo rẹ̀ kì í yí padà. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́ lórí rẹ̀, má ṣe gbà á gbọ́ lórí ohun mìíràn."

Inú àpò ẹ̀yìn mobilẹ́ẹ̀tì mi ni òkúta náà ń gbé láti ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o, a ó padà bá a.

Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èmi yóò dé ilé ìdáná obìnrin kan kó tó dáná. Màá wọn igi rẹ̀, màá kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi, màá jókòó sílẹ̀ títí ìkòkò yóò fi sọ̀kalẹ̀, màá wá wọn igi tó ṣẹ́kù. N kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. "Ojú ni kó o fi ṣiṣẹ́," ni Mùsíè Agbéko máa ń wí, "ẹnu rẹ ṣì wà nílé ìwé." Bí èéfín bá lé mi jáde pẹ́rẹ́, yóò fa ewé kàyé ti ọjọ́ yẹn ya. Mo ní ojú ń ta mí. Ó ní, "Obìnrin yẹn kò jáde. Ṣé igi ni ojú tirẹ̀?"

Ọjọ́ kan ni wọ́n pọn ọtí ọkà bàbà ní abúlé kan lọ́nà Anié. Mo wọn igi kí wọ́n tó dáná, òkìtì náà ga jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n sọ ọtí kalẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, òkìtì ti di eérú. Mo rò pé òṣùwọ̀n ti bàjẹ́. Mo gbé òkúta Kamina kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò purọ́. Ẹnu mi là, kò lè padé. Ibi tí mo ti ń jẹ oúnjẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò béèrè rí pé ẹrù igi mélòó ló gbé e wá. Mo gun mobilẹ́ẹ̀tì lọ sílé, mo lọ wo ọrùn ìyá mi, èyí tó fi ń ru igi.

Ó ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní, "Kò sí, Ìyá."

Òfin ọ̀gá mi pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni olórí wọn: ohunkóhun tó bá wà nílé ìdáná obìnrin, bí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sún orógùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí ibi jókòó. Nígbà tí a ń padà, Mùsíè Agbéko gba kọ́kọ́rọ́ mobilẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Atakpamé nínú oòrùn. Òun ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ orin ìjọ.

Irinṣẹ́ wa yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. A gbé àpótí onídígí kan jáde síwájú ọ́fíìsì pẹ̀rẹ́fẹ̀, olórí àgbègbè wa, ní Atakpamé, a fi oòrùn se ẹyin nínú rẹ̀ lójú àwọn aláṣẹ. Ẹyin jinná. Akọ̀wé àgbà kan kọ̀ ọ́, ó ní ẹyin tí kò fojú kan iná, ìyá òun kò kọ́ òun láti jẹ ẹ́. Bí a ti fẹ́ se ìkejì ni ìkùukùu ṣú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbẹ́ kòtò, a da ìgbẹ́ màlúù sínú rẹ̀ kó lè mú gáàsì jáde. Ó mú un jáde lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni ò jẹ oúnjẹ tí a sè lórí rẹ̀. Àdògán ló wá bá wa lára mu: amọ̀ ilé ikán, koríko gígé, àti omi. Ó ń pa iná mọ́ra, igi kò ṣòfò bíi ti orí òkúta mẹ́ta. Mo mọ ọ́n ká gbogbo ìgbèríko, ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ.

Ìdí-Ọ̀dàn ni abúlé tí mo fẹ́ mú yín lọ báyìí, láàárín Anié sí Moretan. Igbó ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdá lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n ń tú ẹrù igi dànù, àní igi gbígbẹ tó ti wó fúnra rẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní wọn yóò ti igbó náà pátápátá. Bí wọ́n bá tì í, kò sí ibòmíràn tí àwọn obìnrin Ìdí-Ọ̀dàn yóò ti rí igi, àfi kí wọ́n rìn ìdajì ọjọ́. Ìyá Yawá, olórí obìnrin abúlé náà, ti pàdánù àdá méjì. Ó wá bá wa. Ọ̀gá àgbà kan nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó gbà láti ti Lomé wá wò ó fúnra rẹ̀. Bó bá rí i pé àdògán ti dín igi tí wọ́n ń jó kù, yóò jẹ́ kí wọ́n máa ṣa igi gbígbẹ. Bí kò bá rí i, ó di títì.

Mùsíè Agbéko ìbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ létí òkun. Ó kọ ìwé sí mi, gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀: "Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́." Mo kà á, mo ká a sínú àpò. Mi ò rí ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ti mọ àdògán, wọ́n sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kọ̀ọ̀kan, òkúta mẹ́ta àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní dúdú kirimú. Mo rò ó títí. Mo ní, ọ̀gá yìí yóò wo òkúta wọ̀nyí, yóò ní à ń tan òun ni. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó dé bọ́ sí ọjọ́ ọjà Moretan, gbogbo obìnrin ti lọ tọmọtọmọ. Mo mú mọlémọlé méjì, a mú ìkọ́lẹ̀ àti díígà, a wọ ilé ìdáná kan tẹ̀ lé òmíràn, a ń hú òkúta.

Àgbàlagbà kan jókòó lábẹ́ igi ọ̀dàn, ó ń fọ́ ẹ̀pà. Ó ní, "Mẹ́tírì, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"À ń tún ilé ìdáná ṣe, Bàbá."

"Hẹn. Ọ̀rọ̀ obìnrin mà nìyẹn o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Òkúta kan là sí méjì lábẹ́ díígà, mo ti ìlàjì méjèèjì sábẹ́ òkìtì. Òkìtì wo? Háà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kó gbogbo òkúta abúlé náà jọ sídìí igi ọ̀dàn, mo tò ó dọ́gba bí ẹni to iṣu sínú àká. Mo dúró sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ìyá Yawá ló ṣíwájú, ó gbé igbá ẹ̀wà rù. Ó rí òkìtì náà. Kò pariwo. Igbá orí rẹ̀ kàn já bọ́, ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀, kò sì wò ó. Ó wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tú gèlè rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e wọlé tirẹ̀, ó figbe ta. Láìpẹ́, ẹkún gba abúlé kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Èmi dúró láàárín, díígà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo sáré bá bàbá ẹlẹ́pà. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. "Níbí yìí, òkúta mẹ́ta ni obìnrin máa ń gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé ọkọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ń hú u. Ọjọ́ tí a bá sin obìnrin náà ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń hú u. Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo obìnrin abúlé wa lo sin lónìí. Ìyàwó tèmi náà wà nínú wọn."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kìlọ̀ fún mi?"

"Mo kìlọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ìwé ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín."

Bí mo bá hú u tí mo fi sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀bẹ̀ ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n mo kó ti ẹnì kìíní mọ́ ti ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èmi ni mo da gbogbo ọbẹ̀ abúlé kan nù ní ọ̀sán kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èéfín kankan kò rú ní Ìdí-Ọ̀dàn. Ìrọ̀lẹ́ tí kò léèéfín, ohun tí iṣẹ́ mi ti ń wá láti ọdún wọ̀nyí wá, mo fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ọ̀gá àgbà wọlé, ti pẹ̀rẹ́fẹ̀ tẹ̀ lé e. Iyán àti ọbẹ̀ tí a fẹ́ sè lórí àdògán fún wọn kò sí. Àwọn obìnrin wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n jókòó yí òkìtì òkúta ká, wọn ò mira. Ọ̀gá àgbà náà sọ̀kalẹ̀. Faransé nìkan ló ń sọ, èmi sì ni ògbufọ̀.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Yawá gbójú sókè. Ó ní, "Àwa ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ mi lọ, igbó náà lọ. Mo la ẹnu, mo sọ ní Faransé pé, "Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, inú wọn dùn púpọ̀ láti rí yín."

Awakọ̀ pẹ̀rẹ́fẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ láti Atakpamé, bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kíá.

Ìyá Yawá ní, "Mẹ́tírì, ọ̀rọ̀ mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni ìwé ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi nínú àpò. Mo yíjú sí ọ̀gá àgbà. Mo ní, "Mo parọ́. Wọ́n ní àwọn ló kú." Mo sọ ohun tí òkúta náà jẹ́. Mo sọ ẹni tó hú u.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ìyá Yawá ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń tú u sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: "Ẹ ní àwa ń pa igi. Igi tó ti kú là ń ṣa. Àwa tí a wà láàyè ni ẹ rán ọmọ yín wá pa. Ẹni tó ń pa alààyè ló wá dá ẹni tó ń kó òkú lẹ́jọ́."

Pẹ̀rẹ́fẹ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ǹjẹ́ wọ́n lè dá òkúta wọn mọ̀?"

Mo rò pé kò ṣeé ṣe. Ẹ wá wo ìyanu. Wọ́n dìde, wọ́n tú òkìtì mi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọn yóò yí òkúta, wọn yóò fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìdí ìkòkò ti jẹ ẹ́. Obìnrin kan di ojú, ó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òmíràn gbóòórùn tirẹ̀ kó tó gbà á. Ìjà bẹ́ lẹ́ẹ̀kan, "Tèmi nìyẹn, olójúkòkòrò!" "Ta ló ń bá ọ du òkúta, ìwọ tí ọbẹ̀ rẹ máa ń jóná?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mí.

Ìyá Yawá ló mú kẹ́yìn, nítorí òun ni olórí. Ó rí méjì. Ó wá ìkẹta, kò rí i. Èmi mọ ibi tó wà. Mo wa ìlàjì méjèèjì jáde nísàlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé wọn síwájú rẹ̀. Ó fi wọ́n kan ara wọn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá àwo tó fọ́ yóò tún padé.

"Odò ilé bàbá mi ni èyí ti wá," ó ní. Ó yíjú sí mi. "Òkúta tó ò ń wọ̀n láràárọ̀ dà?"

"Ó wà nínú àpò, Ìyá."

"Èyí tó o ní kì í purọ́?"

"Òun ni."

"Gbé e wá. Ìwọ alára ti ń purọ́, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi."

Mo gbé òkúta Kamina fún un. Ó to mẹ́ta rẹ̀ sí ojú ààrò rẹ̀, ó sì pe àwọn mọlémọlé mi pé kí wọ́n fi amọ̀ yí i ká, kí òkúta jẹ́ ẹsẹ̀ ìkòkò, kí amọ̀ jẹ́ ògiri. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà wá wọn igi, àdògán tí wọ́n fi òkúta ilé bàbá wọn mọ yìí kò jẹ igi tó èyí tí mo mú wá láti inú ìwé. Ẹnu yà mí, mo sì fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ọ́n níbi gbogbo láti ìgbà náà.

Ìwé dé láti Lomé lẹ́yìn àsìkò díẹ̀: kí àwọn obìnrin Ìdí-Ọ̀dàn máa ṣa igi gbígbẹ. Mo kà á fún wọn lábẹ́ igi ọ̀dàn. Ìyá Yawá ní, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkú lè wọgbó?"

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Mùsíè Agbéko lórí àkéte. Mo rò pé yóò lé mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Òkúta Kamina ńkọ́?" Mo ní ó wà nílé ìdáná Ìyá Yawá. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan fẹnu ara rẹ̀ béèrè òkúta yẹn." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló dákẹ́.

Láti ìgbà náà, mi ò lọ síwájú aláṣẹ kankan láìmú obìnrin kan dání tí yóò sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú òṣùwọ̀n tuntun dé, wọ́n bi mí pé kí ni mo fi ń dán tèmi wò. Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Yawá, ọmọbìnrin Ìyá Yawá, ti Anié wá bá mi ní Atakpamé. Ó ní, "Bàbá, Ìyá ti lọ. A fẹ́ hú ààrò rẹ̀, amọ̀ yín kò jẹ́."

Mo bá a lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná náà, mi ò wọlé, mi ò fọwọ́ kan nǹkan, títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé díígà fún mi. Mo fọ́ amọ̀. Òun ló fa òkúta yọ. Ó yọ ìkínní, ó yọ ìkejì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ ìkẹta, ó fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sìmẹ́ńtì funfun yọ lábẹ́ èédú.

Ó ní, "Ìyá ní èyí kì í ṣe ti ilé bàbá òun. Ó ní ká dá a padà fún yín. Ó ní ká sọ pé òun ń fi wọ̀n yín láti ọjọ́ náà, kò rí irọ́."

Mo gbà á. Ó gbóná. Wọ́n ti se oúnjẹ àwọn tó wá sìnkú lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo gbé e sínú àpò ẹ̀yìn mobilẹ́ẹ̀tì, mo ń gbọ́ ooru rẹ̀ lẹ́yìn mi títí mo fi kọjá Anié.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá rò pé òun fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó wá gbé e wò. Ó wúwo.